Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì

Orúkọ tí àwọn baba wa fún rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì, bá a mu rẹ́gí nígbà ayé wọn. Ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn gbé e dé Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí tí wọ́n fi wáyà fà wọlé ẹni tó bá lè san owó oṣooṣù ni, ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ló sì pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ta ni yóò jókòó sí Òkè-Àdó tí yóò máa dá Lọ́ńdọ̀nù lóhùn?

Lójú tèmi, ohun tó sọ rédíò ìlú ẹni di ohun iyebíye lónìí ni pé orúkọ yẹn kò bá a mu mọ́.

Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kó tó fọwọ́ kan ẹ̀kọ láàárọ̀, ó ti gbọ́ ìkéde òkú tán, ó sì ti mọ agbo-ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ àti ọjọ́ ìsìnkú. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ìkéde yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí àna àti ẹbí tó wà lóko, níbi tí fóònù kì í ti í wọlé dáadáa, mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn wá sílé.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá kan ládùúgbò wa, tí ogbó ti ń mú kó máa gbàgbé nǹkan, jáde nílé, kò sì mọ̀nà padà. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àdúrà sì pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí omi. Alákàrà kan lọ́nà Mọ́níyà ló gbọ́ lórí rédíò pé bàbá náà kọ pélé, pé bùbá aláwọ̀ ewé ló wọ̀, tó wá bojú wẹ̀yìn, tó rí i pé ẹni tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì òun láti àárọ̀ ni wọ́n ń wí.

Mọ́níyà yìí kan náà ni Amúlùdùn FM, ti Rédíò Nàìjíríà, fi ṣe ibùjókòó, èdè Yorùbá ló sì fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò rẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1992 ti fàyè gba aládàáni, ilé-iṣẹ́ rédíò ti pọ̀ káàkiri ilẹ̀ wa, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló wù mí gbọ́. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àgbo tó ń wo àádọ́rin àrùn ni wọ́n ń polówó láti òwúrọ̀ di alẹ́. Òmíràn, olówó òṣèlú ló ń pàṣẹ ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò sọ, àwọn tó bá sì fẹ́ pè láti tako ọ̀rọ̀ náà kì í rí láìnì wọlé. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti padà di asọ̀rọ̀mágbèsì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ṣi orúkọ agbo-ilé kan pè nínú ìkéde. Ìyá mi ní kí n bá òun tẹ nọ́ńbà wọn, ó sì sọ fún ọmọkùnrin náà, níṣojú gbogbo ìlú, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọ̀hún. Ọmọkùnrin náà ní, “Ẹ ṣeun, Màmá, ẹ má bínú,” ó sì tún ìkéde náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.