Wọ́n gé ọyàn láàárọ̀, ó sùn sílé lálẹ́, kí ló wá burú níbẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ó ti sú mi. Ẹnìkan tún gbé e sórí WhatsApp rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa láàárọ̀ yìí pé obìnrin tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ yẹn gan-an, àwọn dókítà ti mọ̀ pé kò ní í yè ni, kó lọ kú sọ́dọ̀ ẹbí ẹ̀. Làwọn èèyàn wá ń to "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i" sábẹ́ ẹ̀. Háà!

Kaiser Permanente, tó ní ọsibítù rẹpẹtẹ lápá àríwá California, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2017 pé obìnrin tí wọ́n gé odidi ọyàn fún lè lọ sinmi nílé tí ara ẹ̀ bá gbà á. Tẹ́lẹ̀, bíi 23 nínú 100 ló ń lọ sílé lọ́jọ́ kan náà, ó wá di 61. Tó bá jẹ́ pé ilé ló ń pa wọ́n, ṣebí ẹmájẹ́ńsì ló yẹ kí wọ́n máa sáré padà wá. Wọ́n ka àwọn tó padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ka àwọn tí wọ́n tún là, àwọn tí wọ́n tún dá dúró ní wọ́ọ̀dù, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín ẹni tó sùn sílé àtẹni tó sùn sọ́dọ̀ wọn.

Ó ṣe tán, wọn ò la ikùn, wọn ò fọwọ́ kan ìfun, ìdí nìyẹn tó fi lè jẹun kó sì rìn lálẹ́ ọjọ́ náà. Omi tó máa ń kó jọ sójú ibẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù, ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kó tó yọjú, ẹni tó sùn sí wọ́ọ̀dù gan-an á ti délé.

Àǹtí mi tó wà ní Ìpẹru gbé rọ́bà àti ike tó ń fa omi náà délé ni, nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọmọ ẹ̀ bí á ṣe máa dà á nù, kó máa kọ iye ẹ̀ sílẹ̀, pé tó bá ti ń wá sísàlẹ̀ 30 ml lóòjọ́ kí wọ́n wá yọ ọ́. Kò pẹ́ tó fi ń bá wa jà pé ìkọ́kọrẹ́ wa ki jù.

Ẹ ní àwọn kan lọ sílé wọ́n sì kú. Àwọn tó pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ò kú ni? Kókó tí wọ́n ti ń fi àgbo rẹ́ láti ọdún tó kọjá, tó ti kọjá lọ sí ẹ̀dọ̀ kí wọ́n tó gbé e wá, ẹ ò dárúkọ ìyẹn.

Ó dáa, mo gbà, ẹ̀jẹ̀ lè dà sábẹ́ awọ ní wákàtí 24 àkọ́kọ́, nítorí náà ẹni tó ní àìsàn ọkàn, tàbí tí kò sẹ́ni lọ́dọ̀ ẹ̀, tàbí tó ń gbé lóko tí ò sí mọ́tò lálẹ́, kó sùn síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ẹran ikùn tún ọyàn ṣe fún náà á dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn yòókù, tí ojú ibẹ̀ bá ṣàdédé wú, tí ike kún fún ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ara gbóná dé 38, ẹ gbé e padà lóru yẹn, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.