Kí pàṣán tó balẹ̀, ẹ yẹ ara ọmọ wò

Gbogbo ìyá tó ti tọ́ ọmọ ọwọ́ rí ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ẹní, ilẹ̀kùn pa gbàgà, ọmọ ta gìrì: ó la apá méjèèjì, ó tún kó wọn mọ́ra, ó figbe ta. (Àrùn gìrì kọ́ là ń sọ o, ìyẹn lọ́tọ̀.) Moro ni àwọn oníṣègùn ń pe ìtagìrì yìí, orúkọ Ernst Moro, dókítà àwọn ọmọdé tó kọ nípa rẹ̀ nílẹ̀ Jámánì ní 1918. Bí a bá fi ìka kan àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́, tó sì dì í mú ṣinṣin, irú rẹ̀ mìíràn nìyẹn. Bó bá yí orí sí ọ̀tún, tí apá ọ̀tún nà, tí tòsì ká, irú rẹ̀ mìíràn tún nìyẹn. Ọmọ kò rò wọ́n kó tó ṣe wọ́n. Reflex ni wọ́n ń jẹ́. Láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, bí ọpọlọ bá ṣe ń gbó sí i, púpọ̀ nínú wọn á ti rọra kógbá wọlé.

Lára àwọn ọmọ kan, wọn kì í kógbá wọlé tán. Bí wọ́n bá ṣì le koko nígbà tí ọmọ yẹ kó ti máa jókòó, tó yẹ kó máa rá, ó lè jẹ́ àmì pé nǹkan ti ṣe ọpọlọ rẹ̀, bíi ti cerebral palsy, àìlera ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ara rẹ̀ dáadáa. Ọ̀dọ̀ dókítà ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń lọ, kíákíá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí ni àwọn tí tiwọn kò hàn síta. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń sáré, wọ́n wọ kíláàsì kejì láìsí ẹni tó fura. Ọmọ wo pátákó, ó tún wo ìwé, pẹ́ńsùlù ti yẹ̀ kúrò lórí ìlà, torí bí orí ṣe ń yí ni apá fẹ́ máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn aga kàn án níbàdí, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Olùkọ́ ò rí ju ọ̀lẹ, olódo àti alágídí lọ, pàṣán ló sì mú.

Èrò tiwa ni pé kí wọ́n yéé na ọmọ nítorí ìkọ̀wé, kí ìjọba sì gba àwọn oníṣẹ́ occupational therapy síṣẹ́ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ orúkọ yẹn, wọ́n rò pé àwọn tó ń bá èèyàn wáṣẹ́ ni. Rárá o. Iṣẹ́ ọmọdé ni kó kọ̀wé, kó ṣeré, kó de bọ́tìnì, kó so okùn bàtà. Oníṣẹ́ yìí á wá ohun tí kò jẹ́ kó lè ṣe é. Ó lè ní kí wọ́n wá àpótí tí ẹsẹ̀ ọmọ á máa kàn, torí bẹ́ǹṣì ga jù. Ó lè ní kí wọ́n wé aṣọ mọ́ pẹ́ńsùlù kó nípọn. Ó lè jẹ́ ìrákò, yíyí lórí ẹní, eré tó ń mú apá méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀. Sùwè àti tẹ́ńtẹ́ń tí àwọn ọmọbìnrin ń ṣe nígbà kan kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ibo ni ọmọ fẹ́ ti ta sùwè nílé ìwé tó jẹ́ fúláàtì oníyàrá mẹ́ta, tí wọ́n fi ọgbà rẹ̀ páàkì mọ́tò?

A ò ní parọ́ fún yín. Ní Belfast, ní Northern Ireland, àwọn onímọ̀ yan ọmọ 60 tí ìwé kíkà ń dà láàmú, àwọn ọmọ ọdún 8 sí 11. Wọ́n ní kí apá kan máa ṣe eré ìdárayá tó jọ àwọn reflex wọ̀nyí fún ọdún kan, ìwé kíkà wọn sì sàn ju ti àwọn yòókù lọ. The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, gbé e jáde ní 2000. Ọmọ 60 kò pọ̀. Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n máa sọ fún òbí pé ìwádìí lórí irú ìtọ́jú kan tó sún mọ́ èyí, tó dá lórí bí ara ṣe ń gba ìmọ̀lára, kò tíì pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun á pa reflex rẹ́ lára ọmọ yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ kó owó ńlá wá, ẹ di àpò yín mú. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí tí àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà fún un.

Àwọn tó kọ́ṣẹ́ yìí kò ṣàì sí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún un wà ní Òṣòdì, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì ń fúnni ní oyè nínú rẹ̀. Bí a ò bá rí wọn gbà síṣẹ́, wọ́n á jápa. Òfin àwọn akanda ẹ̀dá tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 sọ pé gbogbo ilé ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn akanda ẹ̀dá. Ẹ lọ sí ilé ìwé ìjọba tó sún mọ́ yín, kí ẹ ní kí ọ̀gá ibẹ̀ fi ẹni náà hàn yín.

Bí ẹnì kan fún ilé ìwé kan bá wúwo, ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan fún ìjọba ìbílẹ̀ kan, kó máa yí ilé ìwé ká. Ọ̀yọ́ ní 33, Ọ̀ṣun 30, Èkó 20, Ògùn 20, Oǹdó 18, Èkìtì 16. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 137. Èèyàn 137 péré fún ìpínlẹ̀ mẹ́fà! Kí àwọn nọ́ọ̀sì náà máa yẹ ìtagìrì àti ìdìmú ọwọ́ wò nígbà tí ọmọ bá wá gba abẹ́rẹ́ èèyi ní oṣù kẹsàn-án. Ìṣẹ́jú méjì ò ní kọjá lórí ọmọ kan. Àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á gbé àbá ìsúná lọ síwájú ilé aṣòfin kí ọdún yìí tó parí. A ó ṣí ojú ewé ètò ẹ̀kọ́, a ó sì wò ó bóyá owó oṣù àwọn èèyàn 137 yìí wà níbẹ̀.