Kí ni wọ́n ń fà nínú ọkọ̀ òkun tí obìnrin ò lè fà?

"Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kẹ̀? Iṣẹ́ agbára nìyẹn, obìnrin ò lè fà á." Bàbá kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Kàbà, lójú gbogbo èèyàn, torí ọmọbìnrin náà ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ nílé ẹ̀kọ́ atukọ̀ tó wà ní Oron. Àwọn tó jókòó mirí, wọ́n ní òótọ́ ni. Láti Ìsánlú dé Mopa, orin kan náà ni, ó sì ti súni gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kí ni wọ́n ń fà?

(Kì í ṣe Nefí là ń sọ o, iṣẹ́ ológun ni tiyẹn. Ọkọ̀ tó ń kó epo, àlìkámà àti kọ̀ǹtéínà láti èbúté dé èbúté là ń wí.)

Ó jọ pé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó ń sọdá Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja ni wọ́n fi ń wo ọkọ̀ òkun. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ńlá lè ju 10 tọ́ọ̀nù lọ. Kò sí ọkùnrin tó ń gbé e. Ẹ̀rọ ló ń gbé e. Sítíárì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kéré ju ti mọ́tò lọ, torí epo tí ẹ̀rọ ń tì ló ń yí ìtọ́kọ̀ lábẹ́ omi. Okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté náà, ẹ̀rọ ló ń ká a. Bí okùn yìí bá le tantan tó wá já, á ta padà bíi pàṣán, ó sì lè gé ẹsẹ̀ èèyàn. Okun ara kankan ò lè dá okùn yẹn dúró. Ẹni tó máa padà sílé ni ẹni tó mọ ibi tí òun dúró sí, tí kò sì ki ẹsẹ̀ sínú òrùka okùn tó wà nílẹ̀.

Ìdí ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Nọ́ọ̀tì tó di orí sílíńdà mú tóbi débi pé bí ọkùnrin mẹ́wàá bá kọrin sí i, kò ní mira. Jáàkì elépo ni wọ́n ń dé lé e. Wọ́n á fún un lépo dé ìwọ̀n tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ, irin tó di nọ́ọ̀tì náà mú á nà díẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀pá irin kékeré yí nọ́ọ̀tì pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí: tí èèyàn bá ń tú u, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá jáàkì padà díẹ̀ kó tó fún un lépo. Ẹni tó bá gbàgbé, bó bá ti tú epo náà sílẹ̀, irin á sún kì, jáàkì á há pinpin mọ́ orí nọ́ọ̀tì. Bó fi òòlù lù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní tú; àfi kó tún fún un lépo, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Sùúrù àti ìwé kíkà niṣẹ́ náà. Ooru ibẹ̀ lè kọjá 40 dígírì lóòótọ́, àmọ́ ẹ lọ bi ìyá tó ń yan gàrí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ bóyá ooru ṣàjèjì sí i.

Táńkì òfìfo ń pa alágbára. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí tó 21 nínú 100, ṣùgbọ́n nínú táńkì tí wọ́n tì pa, ìpẹtà irin lè ti jẹ ẹ́ tán láìrùn, láìhàn. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń sọ̀ sílẹ̀ ṣáájú, lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ lé e láìgbé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ dání, òkú di méjì.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ara náà lẹ fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ ká sọ ojú. Lóru, iná pupa wà lápá òsì ọkọ̀, iná aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Bí ọkọ̀ kan bá ń dábùú yín bọ̀ láti ọ̀tún, iná pupa rẹ̀ lẹ máa rí, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ yà fún un. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé kò lè ṣe ọ́físà ojú ọkọ̀, ìyẹn ọ́físà tó ń darí ọkọ̀, bó ti wù kó lágbára tó. Ta ni àìsàn yìí sì wọ́pọ̀ lára wọn? Ọkùnrin! Ara ẹyọ X (ọ̀kan nínú àwọn ohun tíntìntín inú ara tí à ń jogún lọ́wọ́ òbí) kan ṣoṣo tí ọkùnrin ní ló ti ń wá. Méjì ni obìnrin ní, bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á gbè é. Kò sẹ́ni tó torí ìyẹn sọ pé ọkùnrin ò gbọdọ̀ wa ọkọ̀.

Lọ́dún 1940, nígbà tí bọ́ǹbù ń bọ́ lu ọkọ̀ Bonita lójú òkun, Victoria Drummond, obìnrin tó jẹ́ ẹnjiníà kejì ibẹ̀, lé àwọn tó kù jáde nídìí ẹ́ńjìnnì, ó dá dúró tì í, kò jẹ́ kó kú. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ ńlá Ever Given há sí ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì ní March 2021, wọ́n tan irọ́ kálẹ̀ pé Marwa Elselehdar, obìnrin atukọ̀ ará Íjíbítì, ló fà á. Inú ọkọ̀ mìíràn ló wà, ní Alẹkisáńdíríà.

Lóòótọ́, wọn ò pọ̀. Ìṣirò ọdún 2021 ní obìnrin 24,059 ló wà lẹ́nu iṣẹ́ náà káàkiri ayé, wọn ò sì tó 2 nínú 100. Ìyọlẹ́nu láti ọwọ́ àwọn ọkùnrin tún wà. Láti January 1, 2026, ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀ ti di dandan nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fún gbogbo atukọ̀. Àmọ́ ohun tó ń dá ọmọ wa dúró gan-an ni ọkọ̀ tó máa gbé e gẹ́gẹ́ bíi kadẹ́ẹ̀tì, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lójú omi. Oṣù 12 lójú omi ni òfin àgbáyé béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọ́físà ojú ọkọ̀, bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá ní àṣẹ, tí wọ́n sì buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ rẹ̀ láti ìlà dé ìlà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, 36 ni. Akọ àti abo ló ń jókòó sílé nítorí oṣù wọ̀nyí. Ibẹ̀ ni ejẹ́ńtì ti ń jẹun. Òfin iṣẹ́ atukọ̀ ti 2006 kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ atukọ̀ láti bá a wáṣẹ́. Owó àyẹ̀wò ara, ìwé atukọ̀ àti ti ìrìnnà nìkan ló lè san. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kóun tó fi ọmọ sọ́kọ̀, ẹ dìde ńbẹ̀.

Kí ọmọ náà sì kọ gíga rẹ̀ àti nọ́ńbà bàtà rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó wọkọ̀. Aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ bó bá di pé ká fi ọkọ̀ sílẹ̀, ara ọkùnrin gíga ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n. Bó bá tóbi jù, omi tútù á gba ọrùn wọlé. Ìṣẹ́jú 2 ni òfin fún un láti wọ̀ ọ́ tán láìsí olùrànlọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ dé ọkọ̀ ni kó ti wọ̀ ọ́ wò, kẹ́nìkan máa wo aago.