Ká lé akátá lọ ná: nípa ẹni tí ọtí ti di bárakú fún

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ." Láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, kò sí ìpàdé ẹbí tí òwe yìí ṣàjèjì sí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, òdìkejì rẹ̀ la máa ń ṣe. Adìẹ la kọ́kọ́ ń nà. A ó pe ọkùnrin náà jókòó láàárín ẹbí, ẹ̀gbọ́n yóò ka owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tó fi mutí sí i létí, ìyàwó yóò sunkún, àwọn àgbà yóò ní kó búra pé òun kò ní fẹnu kan ọtí mọ́, yóò sì búra tọkàntọkàn. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọn á tún bá a níbi tí wọ́n ti máa ń bá a. Wọn á ní òpùrọ́ ni. Kò parọ́; akátá ṣì wà nínú ọgbà ni.

Ṣé àìsàn ni àmujù ọtí, àbí ìwàkiwà? Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́, òwe náà sì dá a lóhùn ju bí a ṣe rò lọ. Akátá, ìyẹn àìsàn náà, wà lóòótọ́. Adìẹ náà sì ní ẹjọ́ láti rò: ta ló ní kó jẹ̀ dé etí igbó? Òwe kò sọ pé ká má bá a wí o. Ètò ló là sílẹ̀, èyí tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e.

Ní ti akátá, àwọn dókítà ti gbà pé ó wà tipẹ́. Ọdún 1956 ni American Medical Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ti kéde pé àìsàn ni. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ń to àrùn lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀dà kọkànlá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: pé ẹni náà kò lè ká ara rẹ̀ lọ́wọ́ kò mọ́ bó bá ti bẹ̀rẹ̀, pé ọtí ti borí iṣẹ́, ọmọ àti ìlera lọ́kàn rẹ̀, pé ara rẹ̀ ti mọ́ ọn lára débi pé iye tó ń mu ń pọ̀ sí i, tàbí pé àìrọtí mu ń dá a dùbúlẹ̀. Bí méjì nínú mẹ́ta bá ti hàn fún ọdún kan, tàbí fún oṣù mẹ́ta péré bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń mu, bárakú ni. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló sì ń gbé nǹkan bí ìdajì ewu rẹ̀ wá, èyí ni kò fi yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu tí bàbá, àbúrò bàbá àti ọmọ bá wà ní ìlà kan náà.

Àwọn onímọ̀ kan ṣì wà tí kò fara mọ́ ká pè é ní àrùn. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi ọtí sílẹ̀ láìrí dókítà kankan, èyí sì jóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tí kò tíì wọ̀ ọ́ jìnnà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tàn án jẹ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbárí rẹ̀ nìyí. Ọtí a máa fa ọpọlọ sẹ́yìn, a mú kó rọ̀. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ń ṣe é lójoojúmọ́, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju bó ṣe yẹ lọ kó lè borí ọtí náà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ìgò kan ń pa tẹ́lẹ̀ fi ń mu mẹ́rin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní yẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ á ní akọni ni, bẹ́ẹ̀ àmì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń yìn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọtí bá wá dá lójijì, eré tí ọpọlọ ń sá kò ní dá.

Ẹ wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni ní "Ọ̀kun o". Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé eyín ló fi ń ya ọ̀rá ọtí, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi ń gbé e dé ẹnu. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú ọyẹ́. Ó jókòó, ó ń wolẹ̀. Kò pẹ́, ọwọ́ dúró, ó wá lè de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀. Ọtí yẹn kò dùn ún mọ́. Ó ń fi wo àìsàn tí ọtí fúnra rẹ̀ kó bá a.

Ibẹ̀ ni òwe yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹni tó bá ti dé ibi gbígbọ̀n yẹn, tí ẹ bá já ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún ni ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí yóò máa làágùn, tí yóò máa bì, tí oorun yóò dá. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ara lè mú un gìrìgìrì bí ti oníwárápá. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni èyí tó burú jù ń dé sí àwọn kan: ara wọn á gbóná, ọkàn wọn á máa sáré, wọn á máa rí kòkòrò lára ògiri, wọn á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn kò ní mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹni tí kò bá rí ìtọ́jú lè kú sí i.

Ẹ wá wo ohun tí a ń ṣe. A ó tì í mọ́ yàrá, ká fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Tàbí ká gbé e lọ sórí òkè àdúrà fún ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, láìsí omi, láìsí oúnjẹ, ní àwọn wákàtí tí ewu náà ga jù lọ gan-an. Nígbà tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí ohun tí ojú ẹlòmíràn kò rí, wọn á ní ẹ̀mí ọtí ló ń jáde, okùn ni wọn á fi dè é. Àdúrà kò burú. Ẹ gbà á fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Bí ara bá sì mú un kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí orí rẹ̀, ẹ má fi ṣíbí há a lẹ́nu, ẹ má ro àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun, kẹ́ ẹ sì wá ọkọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí kì í gbọ̀n láàárọ̀, tí ara kò mú rí, lè dáwọ́ dúró nílé pẹ̀lú ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ń gbọ̀n, ọsibítù ni kó ti dáwọ́ dúró. Ilé ìwòsàn ECWA wà ní Ẹ̀gbẹ̀, ọsibítù ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, UITH, ọsibítù ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin, wà ní Ìlọrin. Bí ọ̀ràn bá sì ta kókó, ọsibítù ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó wà fún bárakú nìkan. Kí ó tó débẹ̀, kó má ṣe gé e lójijì: kó máa mu ìwọ̀nba tí kò ní jẹ́ kó gbọ̀n títí tí dókítà yóò fi rí i. Etí àwọn pásítọ̀ lè má gba èyí, àmọ́ òun ni kò ní pa á.

Lọ́dọ̀ dókítà, oògùn bíi diazepam tàbí chlordiazepoxide ni wọn yóò fi dá eré tí ọpọlọ ń sá dúró, wọn yóò sì máa dín in kù lójoojúmọ́ títí nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Wọn yóò tún fún un ní abẹ́rẹ́ fítámì B1, nítorí ọtí ti jẹ ẹ́ tán lára rẹ̀. Kí B1 yẹn ṣáájú omi ṣúgà tí wọ́n ń fà sí èèyàn lára, torí bí ṣúgà bá ṣáájú, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, kí ìrántí má padà bọ̀ sípò mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ra diazepam ní kẹ́míìsì kó fi lé ọtí lórí. Àwọn méjèèjì pọ̀ lè dá èémí dúró.

Dókítà á béèrè iye tó ń mu. Ibí ni irọ́ ti ń ṣe ìpalára, pàápàá fún obìnrin tó ń fi ọtí pamọ́ sínú ike omi, àti fún àwọn ará ìlú bí Ẹ̀gbẹ̀ àti Mọ̀pà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ ọtí di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ́wọ́. Ìgò bíà ńlá 60 cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ọtí gidi nínú. Ọ̀rá 30 ml tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40% ní nǹkan bíi mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ẹni tó mu ọ̀rá márùn-ún kó tó jẹun àárọ̀ ti mu ìgò ńlá méjì nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ṣàṣẹ́ẹ̀tì kékeré" ló ń pè é. Ní ti ẹmu, ti ìrọ̀lẹ́ le ju ti àárọ̀ lọ bó tilẹ̀ jẹ́ agbè kan náà. (Àdéhùn tí NAFDAC àti àwọn oníléeṣẹ́ ọtí fọwọ́ sí ní 2018 ni pé kí ọ̀rá ọtí kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024. Wọ́n tún sún un di òpin 2025. Ẹ má fi ìwòsàn ẹni yín dúró de òfin.)

Bí ara bá ti balẹ̀, ìdajì iṣẹ́ kò tíì parí. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n sábà ń lò kí ọtí má baà padà wọlé. Naltrexone, 50 mg lóòjọ́, ń pa adùn ọtí. Ẹni tó ń lo tramadol tàbí codeine kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án àfi tó bá ti fi ìyẹn sílẹ̀, kó sì sọ òtítọ́ fún dókítà. Acamprosate ń dín òùngbẹ ọtí kù. Dókítà á yẹ kíndìnrín wò kó tó kọ ọ́. Disulfiram, tí wọ́n ti ń lò fún ọtí láti ọdún 1948, kì í pa òùngbẹ. Ẹni tó bá mutí lé e lórí, ojú rẹ̀ á pọ́n, àyà rẹ̀ á máa já, yóò máa bì, ìfúnpá rẹ̀ sì lè já wálẹ̀. Ó lè wà lára tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí tó lò kẹ́yìn. Àwọn ìyàwó kan máa ń lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ láìsọ fún ọkọ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, mo gbà, àmọ́ ọkọ tí kò mọ̀ tó wá mu ọ̀rá mẹ́ta lé e lórí lè ṣubú lulẹ̀ kó má dìde.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù. Oorun lè má tètè padà. Kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, kó má baà rò pé ọtí nìkan ló lè mú òun sùn. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ọtí ni. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí òkú àgbà pọ̀, àti ní oṣù Kejìlá tí gbogbo ará ilé ń ti Èkó àti Àbújá dé, kó jẹun yó kó tó jáde, kó lọ kí olóòkú ní àárọ̀, kó fi owó rẹ̀ sílẹ̀, kó sì kúrò kí wọ́n tó já ọtí. Bí àgbà bá na kọ́ọ̀bù sí i, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kó dúpẹ́, kó gbé e fún ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó ń ṣírò ohun tó wọ ọ̀nà ọ̀fun ẹnì kan bí ó ti ń rò.

Bó bá ṣubú ńkọ́? "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Kó wo ẹ̀yìn lóòótọ́: ọjọ́ wo ni, aago mélòó, ta ló wà níbẹ̀, èló ló wà lápò, ṣé ó ti jẹun, ta ló bí i nínú lọ́jọ́ náà? Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ṣubú nígbà mẹ́ta, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan náà ló máa ń gbà, bí ọjọ́ owó oṣù, tàbí ilé ọ̀rẹ́ kan. Ọ̀nà yẹn ni kẹ́ ẹ dí.

Nígbà tí akátá bá ti jìnnà, ẹ wá bá adìẹ wí. Ohun tí àwọn tó gbójú fo apá kejì òwe yìí kò mọ̀ ni pé àwọn ọ̀mùtí tó ti yè fúnra wọn ló gbé ìbáwí náà kalẹ̀. Ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí àwọn ọ̀mùtí méjì dá sílẹ̀ ní Akron, Ohio, ní ọdún 1935, ní ìgbésẹ̀ méjìlá. Ìkẹjọ ni pé kí ẹni náà to orúkọ gbogbo ẹni tó ṣẹ̀, ìkẹsàn-án ni pé kó lọ tún un ṣe, àfi níbi tí àtúnṣe náà yóò ti pa ẹlòmíràn lára. Ìwádìí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ tó sì ń gbé e yẹ̀ wò, ní ọdún 2020 rí i pé ọ̀nà yìí, bí a bá tẹ̀ lé e, ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti máa bá àìmutí lọ tó ìtọ́jú mìíràn, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ jù wọ́n lọ. Níbi tí kò bá ti sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ti fi ọtí sílẹ̀ tó, kí wọ́n máa jókòó pọ̀ lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀, láìsí oníwàásù láàárín wọn.

Ìyàwó tí ó ń lù, kí ó má retí ọ̀rọ̀ ẹnu. Kó wà ní ilé ẹbí rẹ̀ títí tí ìwà yóò fi jẹ́rìí. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni kó kọ́kọ́ san, díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tààrà. Èyí tó jẹ ìyá ọlọ́tí náà, kó san án, torí òógùn ojú rẹ̀ ni. Àmọ́ kó fi rán ẹlòmíràn, kó má fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ.