Títí Gírátúítì Yóò Fi Wọlé, Ìjọba Ni Kó Máa Sanwó Oògùn Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì

Gbèsè ni gírátúítì, owó tí ìjọba gbọ́dọ̀ san lẹ́ẹ̀kan náà fún òṣìṣẹ́ nígbà tó bá fẹ̀yìntì. Olùkọ́ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, ìwé ìfẹ̀yìntì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tó kọ́ ti ń mú ọmọ tiwọn lọ sílé-ìwé. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, olùkọ́ lè máa retí owó yìí títí ọdún kan á fi di mẹ́ta, tí mẹ́ta á fi di mẹ́fà, àwọn mìíràn sì ti kú kó tó jáde. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe rèé: ìpínlẹ̀ yòówù tó bá ṣì jẹ olùkọ́ ní gírátúítì, kó fi orúkọ olùkọ́ náà àti ti ọkọ tàbí aya rẹ̀ sínú ètò adójútòfò ìlera, kó sì máa san owó rẹ̀ lódindi títí gbèsè yóò fi tán. Ẹni tó di owó olówó mú ni kó ra oògùn fún un.

Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn láti oṣù Kìíní ọdún 1955. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, tí ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ irú ètò náà jákèjádò Nàìjíríà, ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Ni wọ́n bá ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ Grade II lọ sí abúlé tó jẹ́ pé ọjọ́ ọjà nìkan ni mọ́tò ń dé ibẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni ọ̀pọ̀ wọn. Baálẹ̀ fún wọn ní yàrá kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní a, b, d. Àwọn ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

Òfin iṣẹ́ ìjọba nígbà náà ní kí wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí wọ́n bá ti lo ọdún 35 tàbí tí wọ́n bá pé ẹni 60 ọdún, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tó wọṣẹ́ ní 1976 ti jáde ní 2011. Nígbà tí òfin tuntun wá sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọmọ ọdún 65 tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́ ní 2022, àwọn wọ̀nyí ti wà nílé tipẹ́. Wọ́n ti di ẹni àádọ́rin ọdún.

Iṣẹ́ olùkọ́ kì í fi ara sílẹ̀ bó ṣe bá a. Orúnkún tó dúró níwájú pátákó láti àárọ̀ dọ̀sán máa ń sọ tirẹ̀ nígbà tó bá yá. Ṣùgbọ́n orúnkún kọ́ ló ń pa wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àti ìtọ̀ ṣúgà, àti glaucoma tó ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀ láì dun ènìyàn. Àìsàn ojoojúmọ́ ni wọ́n, oògùn ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fẹ́.

Ẹ lọ dúró sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ ó rí Màmá Tíṣà tó na ìwé dókítà síwájú ọmọ tó ń tajà. Oògùn mẹ́ta ló wà nínú ìwé náà. Màmá á béèrè iye ọ̀kọ̀ọ̀kan, á dákẹ́ díẹ̀, á wá ní kí wọ́n fún òun ní káàdì kan nínú ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n jẹ́ kí ti ṣúgà di oṣù tó ń bọ̀. Ó délé, ó fi bíléèdì gé hóró oògùn sí méjì. Ó lo ìlàjì lónìí, ó fo ọ̀la, ó tún lo ìlàjì lọ́túnla. Bí orí kò bá fọ́ ọ, á rò pé ọgbọ́n tí òun dá ti ṣiṣẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà pariwo. Ọjọ́ tó bá pariwo, ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé gbé mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ilé yẹn á máa ra dáyápà àgbàlagbà, á máa sanwó ẹni tó ń na apá na ẹsẹ̀, á sì wá ẹni tí yóò fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti máa gbé Màmá sùn, gbé Màmá jí. Owó hóró oògùn tí wọ́n ń gé sí méjì kò tó nǹkan kan lára èyí.

Ìdí tó fi di pé wọ́n ń gé oògùn kò jìnnà. Lábẹ́ ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́, olùkọ́ tó lo ọdún 35 ní ẹ̀tọ́ sí gírátúítì tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan tó gbà kẹ́yìn, àti owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù tó jẹ́ 80% owó oṣù rẹ̀. Ká ní olùkọ́ kan fẹ̀yìntì ní 2012, tó ń gba ₦60,000 lóṣù. Gírátúítì rẹ̀ jẹ́ ₦2,160,000, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì jẹ́ ₦48,000. Nǹkan bí ₦157 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní bánkì lọ́dún yẹn, nítorí náà gírátúítì náà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá dọ́là. Bó bá jẹ́ 2025 ni wọ́n tó san iye kan náà fún un, tí dọ́là wà ní àyíká ₦1,500, kò tó ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀ dọ́là. A mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi dọ́là ra gàrí. Àmọ́ òkè òkun ni ọ̀pọ̀ oògùn wa àti èròjà tí wọ́n fi ń ṣe é ti ń wá. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí GlaxoSmithKline, ilé-iṣẹ́ apoògùn, náà sì kéde ní oṣù Kẹjọ pé òun ń kó kúrò ní Nàìjíríà, owó oògùn fò sókè. Ìjọba tó jókòó lórí owó yẹn láti 2012 ti jẹ́ kí agbára rẹ̀ tán sọ́wọ́ òun, olùkọ́ ló sì ń ru àdánù náà.

Owó oṣooṣù ńkọ́? Abala 210 nínú ìwé òfin ọdún 1999 pàṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ máa ṣàtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣàtúnṣe owó oṣù òṣìṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Owó oṣù tó kéré jù di ₦30,000 ní 2019, ó di ₦70,000 ní 2024. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ àgbà tó bá wà ládùúgbò yín bóyá owó tirẹ̀ bá a gòkè. Àwọn ìpínlẹ̀ tó ti bọ́ sínú ètò alájọdá, níbi tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba ti jọ ń dá owó ìfẹ̀yìntì pamọ́ lóṣooṣù, bí Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ní ìṣòro tiwọn, torí owó ọdún tí olùkọ́ ti fi sìn kí ètò náà tó dé gbọ́dọ̀ ti àpò ìjọba jáde, èyí náà sì máa ń pẹ́. Orúkọ tí wọ́n bá pe gbèsè yìí kò yí ohun tí à ń béèrè padà.

Àwọn kan á ní, àwọn ọmọ wọn dà? Ẹni tó bá ń béèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ ilé olùkọ́ rí. Ọmọ kan lè wà ní Kánádà lóòótọ́, tó ń sanwó ilé, tó ń sanwó ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ, tó sì ń fi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ránṣẹ́. Òmíràn gboyè ní yunifásítì, ó wà nílé, kò tíì ríṣẹ́. Wọ́n ti kó ọmọ-ọmọ méjì wá láti Èkó nítorí owó ilé ti wọ́n níbẹ̀, Bàbá Tíṣà ló sì ń san owó ìdánwò wọn. Òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́, tó ń fi ohun tó rí níbẹ̀ ra bàtírì sínú ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ara rẹ̀. Ilé tó fi owó alájẹṣẹ́kù kọ́ wà níbẹ̀, pákó ni wọ́n fi dí fèrèsé yàrá méjì, gírátúítì ló fẹ́ fi parí rẹ̀. Níbi tí tọkọtaya bá ti jẹ́ olùkọ́, ìlọ́po méjì ni gbèsè tí ìjọba jẹ ilé náà. Oṣù dé, wọ́n ń wo ojú ara wọn láti mọ oògùn ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ rà.

Wọn kì í sì í sọ ọ́ síta. Ẹni tí gbogbo ìlú ń kí ní "Ẹ káàárọ̀, Tíṣà" ní ìtìjú lójú. Ọmọ á pè láti òkè òkun, á ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Màmá á ní, "Mò ń lò ó dáadáa, ọmọ mi, ẹ má dààmú ara yín." Iye ìgbà tí irú ìdáhùn yìí ti gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn lórí àga onítáyà kò kéré.

Ọ̀rọ̀ ayẹ̀wò tí ìjọba ń ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì náà wà níbẹ̀. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá ẹni tí òun ń sanwó fún ṣì wà láyé, a kò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò lọ sí olú ìlú ìpínlẹ̀, tòun ti fáìlì nínú ọ̀rá, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́ àti ti ìgbéga ìkẹyìn nínú rẹ̀, kí wọ́n tó gbà pé kò tíì kú? PTAD, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn tó wà lórí ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́, ti ní ọ̀nà tí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì fi lè fi fóònù fi ara rẹ̀ hàn láti ilé. Ìpínlẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní fóònù ńlá, kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lọ bá a nílé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí oògùn. Òfin tí a nílò ti wà nílẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti wà lábẹ́ ètò náà, ó sì ní kí wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí agbára wọn kò gbé e. Ó ka àwọn arúgbó mọ́ wọn, pẹ̀lú àwọn aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ti ní ètò adójútòfò ìlera tiwọn: Èkó ní Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́ ní OYSHIA, Ọ̀ṣun ní O'HIS. Àjọ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ní orúkọ àwọn olùkọ́ lọ́wọ́, ó mọ ọjọ́ orí wọn àti bánkì tí wọ́n ń lò. Ohun tó kù ni kí ìjọba so ìwé orúkọ méjèèjì pọ̀, kó sì sanwó. Lọ́pọ̀ ibi, ọjọ́ tí orúkọ olùkọ́ kúrò lórí páyíròlù ni ìtọ́jú tó so mọ́ owó oṣù rẹ̀ ń dópin, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni àìsàn ń bẹ̀rẹ̀.

A fẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà àti oògùn glaucoma wà lára ohun tí ètò náà ń san lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Kí wọ́n máa gba ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù wọn, kó má jẹ́ pé owó mọ́tò á pọ̀ ju owó oògùn lọ. Ẹni tí kò lè dìde, kí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àwọn àgbà wọ̀nyí, a sì mọ àwọn tó ń fi owó ara wọn ra oògùn fún olùkọ́ tó kọ́ wọn ní Pírámárì. Ìwà ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ìjọba kò gbọdọ̀ máa fi àpò wọn san gbèsè tirẹ̀.

Wọ́n á ní owó kò sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye náírà tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà láti Àbújá ti pọ̀ gan-an ju ti tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, náírà náà ti fúyẹ́, owó oṣù òṣìṣẹ́ sì ti gòkè. Ṣùgbọ́n owó adójútòfò fún ẹnì kan lọ́dún kéré púpọ̀ sí gírátúítì tí wọ́n jẹ ẹ́. Ìpínlẹ̀ tí kò lè san gbèsè náà lẹ́ẹ̀kan náà lè san èyí. Àwọn mìíràn á ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Kí gómìnà àti àwọn alága parí ìyẹn láàárín ara wọn. Àìsàn kò lè dúró dè wọ́n.

Ṣé olùkọ́ nìkan ló fẹ̀yìntì ni? Rárá o. Nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti awakọ̀ ìjọba náà ń retí gírátúítì, ẹ̀tọ́ yìí sì tọ́ sí wọn. Olùkọ́ ni a fẹ́ kí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ nítorí wọ́n pọ̀, wọ́n wà ní gbogbo abúlé, ilé ìwòsàn tó jìnnà sí wọn sì pọ̀ ju èyí tó sún mọ́ wọn lọ.

Kí àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ má fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ bí kò bá sí ìlà kan nínú rẹ̀ tó dárúkọ owó adójútòfò ìlera àwọn tí a jẹ ní gírátúítì. Kí ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, tó ti wà láti 1931, má fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì nìkan, nítorí àwọn tó wà ní kíláàsì lónìí ni yóò tò sẹ́yìn ìlà náà lọ́la. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lẹ orúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀ tó ń retí owó mọ́ ara ògiri, ní títẹ̀lé ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìntì, pẹ̀lú iye tí wọ́n jẹ kálukú àti oṣù tí wọn yóò san án.