Ẹ Fi Gáàsì Sílẹ̀, Híítà Ló Ń Ba AC Yín Jẹ́

Ó ti sú wa pátápátá. Kí AC pick-up àtijọ́ kan ṣáà ti máa fẹ́ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́, láti Ìkẹjà títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu oní-AC: "Gáàsì ti tán." Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì o. Kò fọwọ́ kan páìpù kankan, kò bi yín ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ń fa géèjì bọ̀. Ẹ ó sanwó, ẹ ó lọ, ẹ ó tún padà wá sanwó. Ta ló sọ fún wọn pé gáàsì AC máa ń tán bí epo bẹntiróòlù? Inú páìpù dídé ló wà. Bí kò bá jò, kò sí ibi tó ń lọ. Bó bá sì ń jò, kí ló dé tí a ń rọ òmíràn lé e láìwá ojú ibi tó ti ń jò?

Ohun tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ nìyí: nínú ọ̀pọ̀ pick-up àtijọ́, kọ́ńtíróòlù aláwọ̀ pupa àti búlúù tí à ń yí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò kan compressor, ìyẹn pọ́ǹpù tó ń ti gáàsì AC yí, rárá. Ilẹ̀kùn ló ń ṣí, tó sì ń tì. Nínú àpótí dúdú tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, afẹ́fẹ́ yóò kọ́kọ́ gba ara evaporator, páìpù AC tó máa ń tutù, kọjá. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan, blend door, yóò pinnu bóyá kó gba ara híítà kọjá tàbí kó yà á sílẹ̀. Omi ẹ́ńjìnnì tó ń yí nínú híítà yẹn máa ń gbóná tó 90°C. Bí ilẹ̀kùn kò bá tì dáadáa, AC ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, híítà ń ṣe tirẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ há sí Ojúẹlẹ́gba lọ́sàn-án gangan ni òógùn ń bọ̀ lára yín. Ta ló tilẹ̀ ń rántí l'Ékòó pé ọkọ̀ òun ní híítà? Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí i.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba géèjì, kò sì gba idán. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná, ẹ yí AC sí ibi tó tutù jù, ẹ ti afẹ́fẹ́ ìta pa kó máa yí inú ọkọ̀ nìkan, kí ẹnì kan tẹná díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì wà ní 1,500 rpm (ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Ẹ di páìpù irin tó sanra jù mú, èyí tó ti ara ògiri ẹ́ńjìnnì (irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ níyà) lọ sí compressor. Ó tutù bí pure water tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú yìnyín, omi sì ń kán lára rẹ̀? Ẹ wá ki tẹmómítà sí ihò afẹ́fẹ́ àárín. Bí ìta bá wà ní nǹkan bí 32°C, AC tó dáa yẹ kó fi 7 sí 12°C hàn. Bí páìpù bá tutù báyẹn, tí tẹmómítà wá dúró sí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lé oní-gáàsì lọ. Àwọn rọ́bà híítà méjì ló kàn, tó wọ inú ògiri ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi aṣọ wé èyí tó ń gbé omi wọlé (ẹ ṣọ́ra, ó máa ń jóni), ẹ fi fáìsì-gírípù fún un pa, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù sí i gidigidi, ọ̀rọ̀ ti parí: omi gbígbóná ló ń ba AC jẹ́. Yálà fáàfù híítà ti gan sí ṣíṣí, fún ọkọ̀ tó bá ní in, tàbí kí blend door máà tì.

Rírí ilẹ̀kùn yẹn kò sì le. Ẹ yọ àpótí kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù (glove box), lósì tàbí lọ́tùn-ún, bí ọkọ̀ bá ṣe rí, ẹ tanná síbẹ̀, kí ẹnì kan máa yí kọ́ńtíróòlù. Bí apá kékeré tó wà lára àpótí dúdú kò bá yí dé òpin, wáyà irin tó ń fà á ló ti yọ kúrò nínú kíílíìpù, tàbí kí kíílíìpù ti kán, tàbí kí ike kọ́ńtíróòlù ti là nínú, tó kàn ń yí lásán. Kíílíìpù! Nǹkan tí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán, ni wọ́n fi ń gba owó compressor lọ́wọ́ èèyàn. Bí àwọn ègé fóòmù dúdú bá ń fò jáde láti ojú ihò, ẹ má fi ẹ̀sùn kan eruku Èkó: fóòmù etí ilẹ̀kùn ló ti jẹrà, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bó tilẹ̀ tì.

Pick-up Amẹ́ríkà àtijọ́, F-150 àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ní wàhálà tiwọn. Vacuum, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, ló ń ti ilẹ̀kùn tó ń darí afẹ́fẹ́ sójú tàbí sẹ́sẹ̀. Ẹ tẹná mọ́lẹ̀ láti gun afárá Third Mainland, afẹ́fẹ́ tútù sá kúrò lójú yín, ó bá gíláàsì iwájú lọ. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó padà. Wọ́n á ní compressor ti rẹ̀. Irọ́ gbáà! Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fà gan-an, vacuum rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. Check valve kékeré (fáàfù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn) àti ọpọ́n tó ń pa vacuum mọ́ ló yẹ kó gbà á dúró. Rọ́bà wẹ́wẹ́ tó gbẹ tó sì là lẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó pé, tó ń ṣiṣẹ́ láìtẹná, máa ń fi nǹkan bí 17 sí 21 inches hàn lórí géèjì vacuum.

Àwọn ọkọ̀ tó ń lo mọ́tò iná kékeré láti ṣí ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Bó bá ń dún tak-tak-tak lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tí ẹ bá tanná, eyín ike inú rẹ̀ ti jẹ. Kí ẹ tó rà á ní Ládìpọ̀, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Ẹ ka ẹsẹ̀ kọnẹ́kítọ̀, ẹ wo ihò bóòtù, ẹ wo ọ̀nà tó ń yí, nítorí tòkunbọ̀ tí ẹ bá ti gbé kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó di tiyín nìyẹn.

Àwọn kan máa ń gé rọ́bà híítà, wọ́n á ki bóòtù sí i lẹ́nu. Ìwà ìkà ni. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, omi gbọ́dọ̀ máa gba ibẹ̀ yí. Bí ẹ bá fẹ́ fo híítà, ẹ so ẹnu méjèèjì pọ̀ bí U, kò gbọdọ̀ ká. Ẹ sì mọ̀ pé òjò oṣù kẹfà ń bọ̀, tí gíláàsì yóò bò, tí híítà ì bá gbà yín. Ẹni tó ń yọ tẹmọsítáàtì, tó ń ṣọ́ ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì, dànù pé "a kì í ṣe òyìnbó" kò ran AC yín lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì yín kàn ń jẹ epo sí i ni.

Tí AC bá tutù nígbà tí ẹ ń sáré, tó wá gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fan clutch (ohun tó ń yí fáànù ẹ́ńjìnnì) àti ìdọ̀tí ojú condenser (rédíétọ̀ AC tó wà níwájú ọkọ̀) ni kẹ́ ẹ wò. Tí wọ́n bá rọ gáàsì kún un, ìfúnpá gáàsì ní apá ibi tí compressor ń tì í jáde sí lè lọ sí 350 psi, compressor yóò sì máa jìyà.

Bó bá sì jẹ́ gáàsì ni lóòótọ́, ẹ wá ibi tó ti jò kí ẹ sì dí i. Kí wọ́n fi pọ́ǹpù fa inú páìpù fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n pa á kí wọ́n wò ó bóyá abẹ́rẹ́ géèjì ń padà (bó bá padà, ó ṣì ń jò). Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wọn gáàsì ní gíráàmù, iye tó wà lára táàgì abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn oní-péńtì kì í yéé fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1994 ló ń lo gáàsì R-12, ọ̀pọ̀ pick-up àtijọ́ tó tẹ̀lé e ń lo R-134a, òróró wọn kò sì bára mu. Oní-AC tí kò ní òṣùwọ̀n tí kò sì ní pọ́ǹpù, tó ń fọwọ́ gbọn sìlíńdà láti mọ bó ṣe kù, ẹ ní kó di irinṣẹ́ rẹ̀ kó máa lọ.