Àwọn Onítìmùtìmù Ògbómọ̀ṣọ́

Láyé àtijọ́, bí ọkùnrin bá fẹ́ kí ará ìlú mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹnuure fún òun, dàńdógó ni yóò dá tàbí kí ó ra ẹṣin. Nígbà tí ó yá, mọ́tò ni a fi ń mọ ọlọ́lá; lẹ́yìn mọ́tò, ó kan ilé alájà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kì í gun òkè rẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa lónìí, àmì ọlá ti kúrò ní èjìká, ó ti kúrò lórí òrùlé, ó sì ti wá fìdí kalẹ̀ sí ìdí gan-an. Níkà ni mo ń sọ: níkà dúdú tí ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ itan, tí wọ́n rán tìmùtìmù sí ibi ìjókòó rẹ̀, èyí tí àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ọ̀nà jíjìn ń wọ̀ kí ìdí wọn má baà bó. Bí ẹ bá gba Tákíé kọjá ní àárọ̀ Sátidé, ẹ ó rí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn kọngílá àti àwọn olùkọ́ yunifásítì, tí olúkúlùkù wọn dúró ti kẹ̀kẹ́ tí owó rẹ̀ tó ra ọ̀kadà tuntun, tí wọ́n dé akoto, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò. Mo ní wọ́n dúró ti kẹ̀kẹ́. N kò ní wọ́n gùn ún.

Níkà náà fúnra rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin jẹ́ nǹkan bí 50 kìlómítà, ti Ọ̀yọ́ náà kò sì jìnnà sí iye yẹn, ẹni tí ó bá sì fi kẹ̀kẹ́ rìn ín, orí egungun méjì tí ó wà nísàlẹ̀ ìdí ni yóò gbé ara rẹ̀ lé fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ yóò máa lọ sókè sódò, tí òógùn yóò máa ṣàn, tí ojú rírán ṣòkòtò yóò sì máa ha itan títí awọ yóò fi bó. Àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi kẹ̀kẹ́ sáré jíjìn mọ ìyà yìí dáadáa. Aṣọ irun àgùntàn ni wọ́n ń wọ̀ láyé ìgbà tí ìdíje Tour de France bẹ̀rẹ̀ ní 1903, awọ ẹranko orí òkè kan tí ń jẹ́ chamois ni wọ́n sì ń rán sí inú níkà láyé ọjọ́un, kí awọ múlọ́múlọ́ náà lè dí ojú rírán. Bí wọ́n bá fọ awọ náà tí ó gbẹ, á le gbagidi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìpara rà á kí ó lè rọ̀ padà. Ní 1958, Joseph Shivers, onímọ̀ kẹ́míkà ní iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, ṣe fọ́nrán tí ń nà tí ó sì ń súnkì padà, òun ni a mọ̀ sí Lycra lónìí; fóòmù náà sì wá gba ipò awọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó bá ń ka èyí lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó pẹ́ tí àwọn oníṣọ̀nà awọ ìlú rẹ̀ ti ń rán tìmùtìmù fún ìdí àwọn ọlọ́lá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pálọ̀ ni wọ́n ń gbé tiwọn sí.

Bí àwọn èèyàn wa ṣe ń yan níkà yìí ni ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìlànà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń tẹ̀lé ni pé bí fóòmù bá ṣe nípọn tó ni ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ṣe jẹ́ èèyàn ńlá tó. Ọ̀gá kan wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí ó sì ń ta níkà mọ́ ọn.

“Gbé èyí tí tìmùtìmù rẹ̀ ga jù lọ wá.”

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ fẹ́ máa gùn ún lọ?”

“Kí ló kàn ọ́ nínú ibi tí mò ń lọ? Ṣé mo ní kí o wá sìn mí ni?”

Ọmọ náà tọrọ gáfárà. Ó ṣàlàyé pé fóòmù tí ó nípọn tí ó sì rọ̀ máa ń dùn mọ́ ìdí fún ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí ìrìn bá ti ń gùn, egungun ìdí á rì wọ inú rẹ̀, fóòmù tí ó yí i ká á sì ru sókè sí àárín itan, níbi tí àwọn iṣan gbà kọjá, títí ibẹ̀ yóò fi kú tí ẹni náà kò ní mọ̀ mọ́ bóyá òun kó gbogbo ẹrù òun kúrò nílé. Ó ní èyí tí ó le díẹ̀ tí kì í tètè tẹ̀, tí kò nípọn ju bó ti yẹ lọ, tí kò sì sí ojú rírán ní àárín rẹ̀, ni ó yẹ ẹni tí yóò pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́. Ó tún ní ẹni tí ń nàró gun kẹ̀kẹ́ àti ẹni tí ń tẹ̀ ba lórí ọwọ́ rẹ̀ kì í fi ibì kan náà jókòó, nítorí náà tìmùtìmù wọn kò gbọdọ̀ rí bákan náà. Ọ̀gá fara balẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin, ó mi orí, ó sì dáhùn pé: “O káre. Di méjì fún mi, èyí tó ga yẹn.”

Dígí ni adájọ́ wọn kejì. Ẹni tí ó bá mọ̀ nípa níkà yìí mọ̀ pé ara ẹni tí ó tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí, pé bí a bá nàró ó lè máa fà díẹ̀, pé kí a tẹ̀, kí a jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kí a yí ẹsẹ̀ díẹ̀, ni a ó fi mọ̀ bóyá ó ká jọ níbì kan tàbí bóyá rọ́bà ẹnu itan rẹ̀ ń gé ẹran ara. Iwájú dígí ni àwọn ọ̀gá tiwa ń dúró sí, wọ́n á nàró ṣánṣán, wọ́n á yí ẹ̀yìn, wọ́n á wo bí ìdí ṣe rí, wọ́n á sì ní ó fún àwọn jù. Wọ́n á wá mú èyí tí ó fi ìwọ̀n méjì tóbi ju ara wọn lọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rán agbádá, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Afẹ́fẹ́ ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n níkà tí kò lẹ̀ mọ́ ara á máa ká, gbogbo ibi tí ó bá sì ti ká ni yóò máa ha ara. Àwọn tí wọ́n sì ra ayédèrú Lycra fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí pé ó dán ti rí tiwọn náà, nítorí pé aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í fi ohunkóhun pamọ́ bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá ti tẹ̀, inú ìlú tí a ti ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà ni a sì wà.

Ní ti pátá, ọ̀rọ̀ kò wọ̀ wọ́n létí rárá. Ara lásán ni a fi ń wọ níkà onítìmùtìmù, nítorí pé ojú rírán pátá gan-an ni ohun tí a ń sá fún. Ẹ sọ èyí fún alàgbà kan, ó ní kí ni kí òun bàbá ọmọ mẹ́rin sọ bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lójú títì, tí wọ́n gbé òun dé ọsibítù tí wọn kò bá pátá lára òun. Nítorí ìtìjú ọjọ́ ọsibítù tí kò tíì dé, ó ń wọ bọ́sà sábẹ́, ó ń wọ níkà lé e, ó sì tún ń wọ ṣòkòtò pénpé mìíràn lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹlòmíràn gbọ́ pé wọ́n ń fi ìpara sí i kí ara má baà máa ha ara, èyí tí ó jẹ́ òótọ́, ó sì ra èyí tí àwọn Òyìnbó fi míńtì sí kí ó lè máa tutù mọ́ ara. Ó bu ìpara náà lọ́pọ̀ yanturu gẹ́gẹ́ bí a ti ń pa òrí lásìkò ọyẹ́. Ọjọ́ yẹn nìkan ni a rí i kí ó sáré lórí kẹ̀kẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo lè yìn wọ́n fún, èèṣì ni wọ́n sì fi ṣe é: ọ̀pọ̀ wọn ra irú èyí tí ó ní okùn méjì tí ń gba èjìká. Okùn yẹn ló ń mú kí tìmùtìmù dúró sójú kan, kò sì sí rọ́bà ìbàdí tí yóò gé ikùn sí méjì, oore ńlá sì ni èyí jẹ́ fún ẹni tí àmàlà àti gbẹ̀gìrì ti ṣe lóore tẹ́lẹ̀. Wọn kò wádìí bí a ṣe ń tọ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó rà á. Ní ọjọ́ tí wọ́n fi jíìpù kó kẹ̀kẹ́ dé Odò Ọbà láti lọ ya fọ́tò lẹ́bàá afárá, alága wọn rọra yà sínú igbó, nígbà tí ó sì máa fi jáde, ẹ̀wù rẹ̀ wà lápá, okùn ń já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ tí ń bọ̀ láti oko sì ti to sẹ́bàá ọ̀nà láti kí i pé ẹ kú ewu.

Ẹ wá gbọ́ ti ìyá alágbo. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀kalẹ̀ láti ra omi tútù nítòsí Ọjà Jágun, ó sì ń rìn yangangan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pàdé, nítorí fóòmù tí ó wà láàárín wọn. Ìyá náà wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, àánú sì ṣe é.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, alàgbà. Ṣé ó ti yọ síta ni?”

“Kí ló yọ síta, màmá?”

“Ẹ má tijú lọ́dọ̀ mi, gbogbo ọkùnrin ìlú yìí tí ń jẹ nǹkan dídùn ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni tí tiẹ̀ kò tó tiyín ti mu ún níbí, ó sì ti ń jókòó.”

“Màmá, aṣọ eré ìdárayá ni. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn.”

“Háà! Ó wà lára yín báyìí, ẹ tún ń gun kẹ̀kẹ́?”

Wọ́n ní ó mu ife méjì kí ìyá náà tó jẹ́ kí ó lọ. N kò lè dá ìyá náà lẹ́bi, nítorí kò sí ohun tí ó rí tí yóò fi gbà gbọ́ pé èèyàn kan ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi kankan: kò sí òógùn lára ọkùnrin náà, kò sí eruku lẹ́sẹ̀ rẹ̀, jíìpù rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù.

Àwọn bàbá wà ní ìlú yìí tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ru èédú láti oko, wọ́n ká àpò ìrẹsì sí mẹ́rin, wọ́n fi rọ́bà taya dè é mọ́ ìjókòó, wọ́n sì ń dìde lórí rẹ̀ lóòrèkóòrè kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ sí ibi tí ó ń lọ. Ìdìde yẹn wúlò ju ọ̀pọ̀ fóòmù lọ. Wọ́n tún mọ ibi tí ìjókòó gbọdọ̀ ga dé, nítorí pé bí ó bá ga jù, ìdí á máa yí sọ́tùn-ún sósì bí ẹsẹ̀ ti ń wá ilẹ̀, níkà tí ó wọ́n jù lọ láyé kò sì lè gba irú ìdí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bíbó. Àwọn onítìmùtìmù ń gbé ìjókòó tiwọn ga sí i ni, kí ẹsẹ̀ wọn lè gùn nínú fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá lórí ti fífọ̀. Ó yẹ kí a bọ́ níkà náà gbàrà tí a bá délé, kí a sì fọ̀ ọ́, nítorí pé fóòmù tí òógùn ti rin ni kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn, eéwo ìdí kì í sì í bọ̀wọ̀ fún oyè. Tiwọn ń ti Tákíé dé ibi ìsọmọlórúkọ, ó ń ti ibẹ̀ dé ilé olóúnjẹ, ilẹ̀ á sì ṣú bá a lára wọn. Nígbà tí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀, ẹni yẹn á fi sítáàṣì sí i, á fi iná lọ̀ ọ́, á sì mú kí ó ní ojú ìlà gbọọrọ níwájú.

Àwọn ìyàwó wọn náà ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Egungun ìdí obìnrin sábà máa ń jìnnà síra ju ti ọkùnrin lọ, nítorí náà tìmùtìmù tiwọn máa ń fẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, bí wọ́n sì ṣe ń gé e yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ ti ra ti ọkùnrin ní òṣùwọ̀n púpọ̀ kí ó lè dínwó, wọ́n sì pín in. Obìnrin kan tí ó fi tirẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ dé Apákè tí ó sì padà ti fi í ṣe tìmùtìmù àga ìdáná.

Ìpàdé tí wọ́n ṣe kẹ́yìn dá lórí níkà ọdún ẹgbẹ́. Wọ́n jókòó fún wákàtí mẹ́ta lórí àga oníke, àwọn kan nínú wọn sì ṣàròyé pé àga náà le jù. Wọ́n fẹnu kò sí àwọ̀ osùn pẹ̀lú góòlù. Wọ́n fẹnu kò pé kí télọ̀ lẹ lééṣì mọ́ ẹnu itan rẹ̀. Wọ́n jiyàn púpọ̀ lórí bóyá a lè da agbádá bò ó ní ibi àsè, ìgbìmọ̀ kékeré kan sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ́mọdé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé nawọ́ sókè, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé a óò gun kẹ̀kẹ́ lọ síbì kan lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mú un wá lábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá yọjú, bí àyè bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oúnjẹ.